Ìwọ̀n Ọta Wo Ló Bá 1911 Mu? Inú Mágásíìnì Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Texas, Georgia àti Maryland a máa bèèrè pé: "Mo fẹ́ ra 1911. Ṣé .45 ni kí n mú, àbí 9mm?" Ìbọn ìléwọ́ kan láti Amẹ́ríkà ni 1911, .45 àti 9mm sì ni orúkọ ìwọ̀n ọta tó lè máa yìn. Tí ẹ bá bi ọdẹ kan ní Abẹ́òkúta níbí bóyá SG (ọta ńláńlá) ló dáa àbí BB (ọta kéékèèké), òun náà á bi yín pé ẹran wo lẹ fẹ́ lọ pa. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti 1911, nǹkan kan wà tó yẹ kí a yanjú ṣáájú ohun tí a fẹ́ fi ìbọn ṣe: ṣé kátíríìjì (odindi ọta pẹ̀lú èèpo àti ẹ̀tù rẹ̀) á kúrò nínú mágásíìnì, á gun ìdàgẹ̀rẹ́, á wọ yàrá ọta lẹ́yìn bárẹ̀lì, láìforí sọ nǹkan kan lójú ọ̀nà? Agbára ọta ni gbogbo ayé ń jiyàn lé lórí. Ohun tó ń fìyà jẹ ẹni tó ra ìbọn yìí kì í sábà jẹ́ agbára, ọ̀nà tí kátíríìjì ń gbà wọlé ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ti òfin kúrò ńlẹ̀ ná. Ní Nàìjíríà, òfin ohun ìjà ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní, àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Dọ́bù bárẹ̀lì àti ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí mìíràn, wọ́n sì ní ìwé àṣẹ tiwọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kó lọ bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́wẹ̀ran. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ ka èyí fún ìmọ̀ ni, kì í ṣe fún rírà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Manchester náà, láti 1997 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa níbẹ̀. Kánádà dá rírà àti títà ìbọn ìléwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Ó ku Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì lè rà á. Ẹni tó wà lórí físà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi tó bá bọ́ sínú ìwọ̀nba àyè tí òfin yọ sílẹ̀, kó sì bi lọ́yà kó tó dán irú ẹ̀ wò. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì tún ní òfin tiwọn lórí iye ọta tí mágásíìnì lè gbà. Ẹ má sì gbé e sínú àpótí bọ̀ wálé wá ṣọdún Lísàbi, ẹ̀wọ̀n ni.

Ó yá, ìbọn náà. John Moses Browning ló ṣe é, ọmọ alágbẹ̀dẹ ìbọn láti Ogden ní ìpínlẹ̀ Utah. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà á wọlé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1911, ibẹ̀ ni orúkọ ẹ̀ ti wá. Ìdí tó fi jẹ́ .45 ni pé nígbà ogun tí wọ́n ń jà ní Philippines, kátíríìjì .38 Long Colt tí wọ́n ń lò kì í tètè dá ọ̀tá dúró. Ní 1904, ọ̀gágun Thompson àti dókítà LaGarde ṣe àyẹ̀wò oríṣiríṣi ọta, wọ́n sì parí ẹ̀ sí pé ìbọn ìléwọ́ ológun kò gbọdọ̀ kéré sí .45. Browning wá ṣe kátíríìjì àti ìbọn pọ̀. Wọ́n jọ dàgbà ni, a ò gé ọ̀kan bá ìkejì mu lẹ́yìn. Nínú ìdánwò ìkẹyìn, ìbọn rẹ̀ yin ọta 6,000 láìsí àkọsílẹ̀ pé ó kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó wà lọ́wọ́ ológun títí di 1985 tí wọ́n fi Beretta oní-9mm rọ́pò ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú ìtàn yẹn ni òṣùwọ̀n kan: 1.275 íǹṣì, nǹkan bíi mìlímítà 32.4. Gígùn tó pọ̀ jù lọ tí kátíríìjì .45 lè ní nìyẹn láti ìdí dé orí ọta. Òun ni wọ́n wò kí wọ́n tó gé ihò tí mágásíìnì ń wọ̀ nínú férémù (ara ìbọn tí ọwọ́ ń dì mú), òun náà ni wọ́n wò kí wọ́n tó dá bí sláìdì (irin òkè tó ń sún síwá sẹ́yìn) ṣe máa rìn sẹ́yìn tó. Gbogbo kálíbà (ìwọ̀n ọta) tí wọ́n ti kó sínú 1911 lẹ́yìn náà, ilé onílé ni wọ́n wọ̀. Èyí tó gùn tó .45 máa ń rọrùn fún ìbọn. Èyí tó kúrú ló ń wá wàhálà.

Ẹ wo bí kátíríìjì ṣe ń wọlé. Sláìdì ń bọ̀ wá síwájú, ó ti ìdí kátíríìjì tó wà lókè pátápátá nínú mágásíìnì. Orí ọta kan ìdàgẹ̀rẹ́ tí wọ́n gé sínú férémù, tó dà bí ìwọ̀n 31.5 lórí òṣùwọ̀n igun. Ó gùn ún lọ sókè, ó fo àlàfo kékeré kan, ó kan ètè bárẹ̀lì, ó tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá. Ní àsìkò kan náà, ìdí ẹ̀ ń gòkè lọ lójú sláìdì títí tó fi bọ́ sábẹ́ extractor, ìyẹn ìkọ́ tó máa fa òfìfo èèpo jáde lẹ́yìn tí ọta bá ti lọ. Àlàfo tí mo sọ yẹn, láàárín ìdàgẹ̀rẹ́ férémù àti ètè bárẹ̀lì, kò gbọdọ̀ dín ní 1/32 íǹṣì, kò tó mìlímítà kan. Tí ètè bárẹ̀lì bá yọ sẹ́yìn débi pé àlàfo yẹn ti parẹ́, orí ọta á forí sọ ọ́, sláìdì á dúró ní ìdajì ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rí èyí tí wọ́n á sáré mú féèlì tàbí pépà ìdán, kí wọ́n máa dán ìdàgẹ̀rẹ́ bíi dígí. Ẹ má ṣe é. Dídán kì í ṣe wàhálà. Tí igun yẹn bá ti yí padà tàbí tí etí òkè ẹ̀ bá ti di roboto, férémù ti bàjẹ́, owó gidi ló sì máa tún un ṣe.

Ní báyìí, .45 fúnra ẹ̀. Ó sanra, kò ga, orí ẹ̀ roboto, ó sì tọ́ láti òkè délẹ̀. Ọta gíréènì 230, ìyẹn gíráàmù 14.9, tó ń jáde lẹ́nu bárẹ̀lì íǹṣì márùn-ún ní nǹkan bíi mítà 255 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ipá tí ẹ̀tù ń tì nínú èèpo kò ju 21,000 psi (pọ́ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan) lọ, èyí sì ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ìdàgẹ̀rẹ́ àtijọ́ yẹn fi apá kékeré kan lára ìdí èèpo sílẹ̀ láìsí irin tó gbé e ró. Ní 21,000 psi, kò sí ewu: idẹ èèpo le tó láti dá dúró. Òun náà ló fà á tí èèpo .45 fi ń pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń di kátíríìjì fúnra wọn.

Mágásíìnì ẹ̀ gba méje látilẹ̀, àwọn ti ìsinsìnyí gba mẹ́jọ. Tí .45 bá ń há, ẹ kọ́kọ́ wo ọta tẹ́ ẹ fi sí i. Ọta olórí roboto tí wọ́n fi bàbà bo ni wọ́n gé ìbọn náà fún. Èyí tí orí ẹ̀ ní ihò tó fẹ̀, tó sì kúrú, kì í kan ìdàgẹ̀rẹ́ níbi tó yẹ, nígbà míì á wá há sí ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: orí ẹ̀ kan òrùlé yàrá, àárín ẹ̀ kan ètè bárẹ̀lì, ìdí ẹ̀ kan ìkọ́. Tẹ́ ẹ bá rí irú èyí, ẹ pààrọ̀ mágásíìnì ná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn. Ètè mágásíìnì tó ti là díẹ̀, tàbí sípíríǹgì mágásíìnì tó ti rẹ̀, ló wà nídìí ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹjọ́ tí wọ́n ń fi 1911 sùn. Mágásíìnì gidi mẹ́ta dáa ju mẹ́wàá olówó pọ́ọ́kú lọ, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn ò wá lọ sórí .45? Owó àti ọwọ́. Àpótí .45 wọ́n ju ti 9mm lọ dáadáa, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ ọ́n yìn gbọ́dọ̀ yìn ín gan-an. Ní ti ọwọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sọ ọ́. Ẹ sọ ìwúwo ọta ní kìlógíráàmù di ìlọ́po eré tó ń sá, iye mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: .45 tí mo júwe yẹn á fún yín ní nǹkan bíi 3.8. Ọta 9mm gíréènì 124, ìyẹn gíráàmù 8 tó ń sá mítà 350, á fún yín ní 2.8. Ìdá mẹ́rin kan ti lọ nínú ìtapadà nìyẹn, 1911 onírin tó wúwo tó kìlógíráàmù kan àti díẹ̀ sì tún máa gbé púpọ̀ mì nínú ìyókù. Ojú ìbọn kì í fò lọ sókè, ọta kejì ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ níbi tẹ́ ẹ fẹ́. Obìnrin, àgbàlagbà, ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn, gbogbo wọn ló ń gbádùn 1911 oní-9mm. Mo gbà pé fún ẹni tó ń ra ti àkọ́kọ́, tó fẹ́ lọ máa fi ṣeré ìfojúsùn lọ́jọ́ Sátidé, 9mm ni kó mú. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ra 9mm èyíkéyìí tó bá rí.

Ìdí ẹ̀ rèé. Georg Luger ló ṣe kátíríìjì 9mm ní Jámánì ní 1902, fún ìbọn tó yàtọ̀ pátápátá. Gígùn ẹ̀ kò ju 1.169 íǹṣì lọ, mìlímítà 29.7. Ó kúrú ju .45 lọ ní nǹkan bíi mìlímítà 2.7. Tẹ́ ẹ bá kó o sínú mágásíìnì tó gùn tó ti .45, á máa sún síwá sẹ́yìn nígbàkígbà tí ìbọn bá ta padà. Nítorí náà wọ́n máa ń fi irin dí àyè yẹn, yálà lẹ́yìn tàbí níwájú nínú mágásíìnì. Tí wọ́n bá dí ẹ̀yìn, orí ọta wà nítòsí ìdàgẹ̀rẹ́, ó dáa. Tí wọ́n bá dí iwájú, ọta ní ọ̀nà jíjìn láti rìn, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì máa ń gé irin yẹn bí ìdàgẹ̀rẹ́ kékeré kó lè gbé orí ọta sókè. Méjèèjì lè ṣiṣẹ́. Èyí tí kì í ṣiṣẹ́ ni mágásíìnì tí wọ́n kàn tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, tí ọta ń mì jìgìjìgì nínú ẹ̀. Ẹ kó kátíríìjì kún un, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí èyí tó wà lókè sísàlẹ̀: tó bá dorí kodò tí kò sì padà sókè fúnra ẹ̀, ohun tó máa ṣe nínú ìbọn náà nìyẹn.

Ohun kejì ni ipá. 9mm lè tó 35,000 psi. Apá ìdí èèpo tí .45 fi sílẹ̀ láìsí ohun tó gbé e ró, 9mm kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi ń lo bárẹ̀lì tó ní ìdàgẹ̀rẹ́ tirẹ̀ lára, tó sọ̀ kalẹ̀ wọnú férémù, tó gbá ìdí èèpo mú yí ká. Kò sí àlàfo láàárín mọ́, ọta kan irin kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé yàrá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kó gbogbo ọta kúrò, ẹ fi ìka wo yàrá pé ó ṣófo, ẹ tú sláìdì, ẹ yọ bárẹ̀lì. Tí ahọ́n irin kan bá wà nísàlẹ̀ ẹnu yàrá tó gùn wá sísàlẹ̀, òun nìyẹn. Tí kò bá sí, ẹ má fi kátíríìjì 9mm tí ipá ẹ̀ ga ju ti lásán lọ, èyí tí wọ́n kọ +P sí lára, sínú ẹ̀.

Ohun kẹta, tí wọn kì í sábà sọ fún oníbàárà: sípíríǹgì tó ń ti sláìdì padà síwájú. 1911 oníǹṣì márùn-ún tó ń yin .45 ń lo sípíríǹgì pọ́ùn 16. Ti 9mm, pọ́ùn 12 sí 14 ló bá a mu, àwọn tó ń lo kátíríìjì tó rọ̀ gan-an tún máa ń sọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ míì máa fi èyí tó le sí i. Ẹni náà á lọ ra 9mm gíréènì 115 tó pọ́ọ́kú jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù, sláìdì ò ní lágbára láti padà sẹ́yìn tán, òfìfo èèpo á dúró lóòró lẹ́nu sláìdì. Á ní ìbọn náà kò dáa. Ìbọn dáa, sípíríǹgì ló le jù.

Tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bá jẹ́ ọta tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ilé .45 mu láìsí ìtìbọ̀, .38 Super lẹ ń wá. Ilé iṣẹ́ ìbọn Colt gbé e jáde ní 1929. Gígùn ẹ̀ lè dé 1.280 íǹṣì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti .45, nítorí náà mágásíìnì kò nílò irin tí wọ́n fi ń dí àyè, ọta á sì rìn wọlé bó ṣe yẹ. Ó gba mẹ́sàn-án. Ọta gíréènì 130 rẹ̀ ń sá mítà 370 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára ẹ̀ ju ti .45 lásán lọ, ìtapadà ẹ̀ kò sì tó ti .45. Mo fẹ́ràn ẹ̀, n kò fi pa mọ́. Ní Mexico, níbi tí òfin kò ti jẹ́ kí aráàlú lo kálíbà ológun bíi .45 àti 9mm, òun ni wọ́n gbájú mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àléébù ẹ̀ mẹ́ta. Ó wọ́n, kì í sì í sí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìdí èèpo ẹ̀ ní etí tó yọ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó o sínú mágásíìnì láìfiyè sí i, etí ti òkè lè há sẹ́yìn etí ti ìsàlẹ̀. Ẹ máa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn dáadáa kẹ́ ẹ tó kó òmíràn lé e. Ẹ̀kẹta kan àwọn tó ń ra àlòkù: ìbọn àtijọ́ ń fi etí yẹn gbé kátíríìjì dúró nínú yàrá, kì í sì í kó ọta jọ sójú kan dáadáa. Láti bí ọdún 1980 sókè, àwọn tó ń ṣe bárẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í gé yàrá débi pé ẹnu èèpo ló ń gbé e dúró, ọ̀rọ̀ yẹn sì tán. Tẹ́ ẹ bá rí .38 Super àtijọ́ tó rẹwà, ẹ fi owó bárẹ̀lì tuntun kún iye tẹ́ ẹ máa ná. Ewu gidi tún wà: .38 Super àti .38 ACP ti 1900 jọra ní gbogbo ìwọ̀n, àfi ipá. Kátíríìjì .38 Super á wọ ìbọn Colt àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún .38 ACP wẹ́rẹ́, á sì lè fọ́ ọ mọ́ yín lọ́wọ́.

10mm ńkọ́? Ti inú igbó ni. Ó jáde ní 1983 pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n ń pè ní Bren Ten, Colt sì gbé Delta Elite jáde fún un ní 1987. Gígùn ẹ̀, 1.260 íǹṣì, bá mágásíìnì 1911 mu. Ṣùgbọ́n 37,500 psi ni, ọta gíréènì 180 tó ń sá mítà 380, ìṣirò wa tòkè á fún yín ní 4.4 sí 4.5. Àwọn Delta Elite àkọ́kọ́ máa ń sán lára férémù, ní òkè ihò ìdènà sláìdì, níbi tí irin ti tín-ínrín. Colt wá gé apá yẹn kúrò pátápátá. Sípíríǹgì ẹ̀ máa ń wà láàárín pọ́ùn 18 sí 23. Ẹni tó ń gbé ní Alaska tàbí Montana, tí béárì ń kọjá lẹ́yìnkùlé ẹ̀, ẹ jẹ́ kó rà á. Ẹni tó wà ní Atlanta kò nílò ẹ̀.

.40 kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Ó jáde ní 1990, ó kúrú (1.135), ipá ẹ̀ ga, nítorí náà ó kó wàhálà 9mm àti ti 10mm pọ̀ sójú kan. Àwọn tó ń fi í díje máa ń di kátíríìjì tiwọn gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń rìn dáadáa fún wọn. Ẹni tí kò di tirẹ̀ fúnra ẹ̀ kó fi í sílẹ̀.

Gígùn bárẹ̀lì náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, ti oníǹṣì márùn-ún ni. 1911 tí wọ́n ń pè ní Commander ní bárẹ̀lì íǹṣì 4.25, ó ń lo sípíríǹgì pọ́ùn 18 fún .45, ó sì ṣì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó bá di 3.5 tàbí 3, sláìdì ti fúyẹ́, ìrìn ẹ̀ ti kúrú, àsìkò tí mágásíìnì ní láti gbé kátíríìjì tó kàn sókè ti dín kù. Níbẹ̀, .45 máa ń fi gbogbo àléébù hàn. Tó bá jẹ́ pé kékeré lẹ fẹ́, 9mm ni kẹ́ ẹ mú láìjanpata.

"Mo ti ní .45, ṣé n kò lè kàn ra bárẹ̀lì 9mm kí n fi sí i?" Rárá o. Ìdí èèpo .45 fẹ̀ tó 0.480 íǹṣì, ti 9mm jẹ́ 0.394. Ojú sláìdì tí ìdí kátíríìjì ń fara tì ni wọ́n gé mọ́ ìwọ̀n ọ̀kan nínú wọn. 9mm á máa mì nínú ti .45, ìkọ́ ò ní rí i dì mú. Ohun tẹ́ ẹ máa rà ni sláìdì tuntun, bárẹ̀lì, òrùka ẹnu bárẹ̀lì, extractor, abẹ́rẹ́ tó ń gún káàpù, sípíríǹgì, ejector tó ń ta òfìfo síta, àti mágásíìnì. Tí bárẹ̀lì náà bá ní ìdàgẹ̀rẹ́ lára, ẹ máa gé férémù, lẹ́yìn ìyẹn bárẹ̀lì .45 àtijọ́ yín kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Iye tí gbogbo ẹ̀ máa jẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ìbọn mìíràn. Èyí tó rọrùn láti pààrọ̀ ni 9mm sí .38 Super, nítorí ìdí wọn súnmọ́ra (0.394 àti 0.406), àti .40 sí 10mm, tí ìdí wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ bárẹ̀lì. Ẹ má yin .40 nínú yàrá 10mm. Ìkọ́ nìkan ló máa gbé e dúró, ìkọ́ á sì ṣẹ́. Bákan náà, .45 Super wọ yàrá .45 láìku ibì kan, ipá ẹ̀ sì ju ti .45 lásán lọ dáadáa, ẹ yẹra fún un nínú ìbọn tí wọn kò ṣe fún un.

Ohun kan wà tí mo máa ń gba oníbọn .45 níyànjú pé kó rà dípò gbogbo ìyẹn: sláìdì àti bárẹ̀lì .22 tó kàn ń jókòó lórí férémù tó ti wà ńlẹ̀. Láti ìgbà Colt Ace ti 1931 ni irú ẹ̀ ti wà. Ẹ ò ní gé nǹkan kan, trígà kan náà lẹ ń fà, ọta ẹ̀ sì pọ́ọ́kú ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó bá fi .22 yin 200 lọ́sẹ̀ á fi .45 gbá ojú àmì ju ẹni tó ń yin .45 ogún lóṣù lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á tán, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ yọ sláìdì kúrò, ẹ yọ bárẹ̀lì, ẹ mú kátíríìjì kan tí kò ní ẹ̀tù àti káàpù, irú èyí tí wọ́n ń tà fún ìdánrawò, ẹ fi ìdí ẹ̀ bọ abẹ́ ìkọ́. Ẹ gbọn sláìdì díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró. Tó bá jábọ́ fúnra ẹ̀, ìkọ́ ti rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní láti fi agbára tì í wọlé, ìkọ́ ti le jù, kátíríìjì ò ní lè gòkè lójú sláìdì. 1911 kò ní sípíríǹgì lẹ́yìn ìkọ́ yìí: irin fúnra ẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ díẹ̀ kó lè máa tì, alágbẹ̀dẹ ìbọn ló sì ń tún un tẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ju kátíríìjì ìdánrawò náà sínú yàrá bárẹ̀lì tẹ́ ẹ mú dání. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ẹ̀ pẹ̀lú ìró, kó yí nígbà tẹ́ ẹ bá fi ìka yí i, kó sì jáde nígbà tẹ́ ẹ bá da bárẹ̀lì dé. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ rà, ẹ ní kí wọ́n fi òṣùwọ̀n yàrá wò ó: fún .45, ti 0.898 íǹṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí sláìdì tì, ti 0.920 kò gbọdọ̀ jẹ́ kó tì.

Ní pápá ìdánrawò, ẹ yin 50 àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọta olórí roboto, ẹyọ kan, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mágásíìnì kíkún, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí òfìfo ń balẹ̀ sí. Mítà kan sí méjì àti ààbọ̀ lápá ọ̀tún lẹ́yìn yín ló dáa. Tó bá ń fò lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, sípíríǹgì ti rọ̀ fún ọta tẹ́ ẹ ń yìn. Tó bá ń jábọ́ sórí ẹsẹ̀ yín, ó le jù, tàbí ẹ ò di ìbọn mú gírígírí. Lẹ́yìn 50 yẹn, ẹ yin ó kéré tán 150 irú ọta gan-an tẹ́ ẹ fẹ́ máa lò, nínú gbogbo mágásíìnì yín. Tó bá há, ẹ kọ nọ́ńbà mágásíìnì náà sílẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ọta kejì ló há tàbí ìkẹyìn. Tó bá jẹ́ mágásíìnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é, ẹ jù ú nù. Tó bá jẹ́ ọta ìkẹyìn ló ń há nínú gbogbo wọn, sípíríǹgì mágásíìnì ni. Tó bá jẹ́ gbogbo mágásíìnì, ibikíbi, ó kan ìkọ́ tàbí àlàfo ìdàgẹ̀rẹ́, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Sípíríǹgì sláìdì .45, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn 2,000 sí 3,000 ọta. Ti 10mm, ẹ má jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston, ọ̀rinrin ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti etí odò Ògùn, òógùn ọwọ́ sì máa ń dípẹtà sára irin tí wọ́n kùn ní dúdú láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ fi aṣọ olóróró nù ún ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ má sì tọ́jú ẹ̀ sínú àpò awọ, awọ ń fa omi mọ́ra. Kátíríìjì lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì níbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè dé.